Oúnjẹ Tí Àwọn Ìyá Wa Fi Ọwọ́ Ara Wọn Dán Wò

Ó pẹ́ tí a ti ń gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn ọ̀dọ́ ní Òró-Àgọ́ àti káàkiri ilẹ̀ Ìgbómìnà pé oúnjẹ ìbílẹ̀ ni àwọn fẹ́ jẹ, pé àwọn kò fẹ́ àdàlù tuntun tí àwọn obìnrin ń sè láyé òde òní. Bí a bá wá bi wọ́n pé èwo ni oúnjẹ ìbílẹ̀ náà, wọn a ní ẹ̀bà ni, ẹ̀kọ àgbàdo ni, ọbẹ̀ ata tó ń ta lẹ́nu ni. Ọ̀rọ̀ yìí máa ń pa wá lẹ́rìn-ín. Nínú ohun mẹ́ta tí wọ́n kà sílẹ̀ yìí, kò sí ọ̀kan ṣoṣo tí babańlá wa tó gbé ayé ní ẹgbẹ̀ta ọdún sẹ́yìn lè dá mọ̀ bí a bá gbé e síwájú rẹ̀. Láti ilẹ̀ Amẹ́ríkà ni ẹ̀gẹ́ ti wá, ibẹ̀ náà ni àgbàdo, ata wẹ́wẹ́ àti tòmátì ti wá. Lẹ́yìn tí Columbus ti dé ọ̀hún ní ọdún 1492 ni ọkọ̀ àwọn ará Potogí bẹ̀rẹ̀ sí kó wọn wá sí etí òkun ilẹ̀ wa. Kí wọ́n tó dé, ataare àti iyèré ni ó ń ta lẹ́nu àwọn babańlá wa, ọkà bàbà ni wọ́n fi ń ṣe ẹ̀kọ, iṣu sì ni àgbà oúnjẹ.

Ta ló wá sọ àwọn àlejò wọ̀nyí di ọmọ ilé? Kì í ṣe ọba, kì í ṣe ìjọba, bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe ilé ẹ̀kọ́ gíga. Obìnrin ni, nínú ilé ìdáná tirẹ̀, tó gbé ohun tí kò sè rí kaná, tó tọ́ ọ wò, tó dà á nù, tó tún un sè lọ́nà mìíràn. Àwa tí a kọ́ kéwú mọ̀ pé ní ìlú Bàgídáàdì, ọkùnrin kan tí ń jẹ́ Muhammad al-Baghdadi kọ ìwé kan ní ọdún 1226 tí ó pe orúkọ rẹ̀ ní Kitab al-Tabikh, ìyẹn ìwé oúnjẹ sísè. Ó pín adùn ayé sí ọ̀nà mẹ́fà, ó sì fi oúnjẹ ṣe olórí gbogbo wọn. (Bí a bá sọ èyí fún àwọn ọmọ kéwú wa, ó máa ń tètè yé wọn ju náháwù lọ.) Ní tiwa, kò sí ẹni tó kọ ìwé. Ẹnu àti ọwọ́ ni ìyá fi ń kọ́ ọmọ. Bí ìyá bá lọ láìkọ́ ọmọ, ohun tó mọ̀ bá a lọ nìyẹn.

Ìdánwò inú ìkòkò kì í sì í ṣe eré, nítorí ẹ̀mí wà nínú rẹ̀. Ibn Battuta, arìnrìn-àjò ọmọ ìlú Tánjà ní ilẹ̀ Mòrókò, kọ èyí tó ṣẹlẹ̀ sí òun fúnra rẹ̀ sílẹ̀. Ní ọdún 1352 ni ó la aṣálẹ̀ Sàhárà kọjá wá sí ilẹ̀ Mali, nígbà tí Mansa Sulayman wà lórí oyè. Ó ka oúnjẹ tí àwọn obìnrin ń gbé wá tà lójú ọ̀nà: ọkà, ìrẹsì, ìyẹ̀fun ẹ̀wà, wàrà, adìẹ. Kò sí ẹ̀gẹ́ níbẹ̀, kò sí àgbàdo. Nígbà tí wọ́n ti lo ọjọ́ mẹ́wàá ní olú-ìlú, wọ́n jẹ oúnjẹ kan tí wọ́n fi ohun tó jọ kókò sè, èyí tí àwọn ará ibẹ̀ fẹ́ràn ju gbogbo oúnjẹ yòókù lọ. Àwọn mẹ́fà ni wọ́n jẹ ẹ́. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, gbogbo wọn ti dùbúlẹ̀ àìsàn, ọ̀kan nínú wọn sì kú. Ibn Battuta fúnra rẹ̀ dákú níbi ìrun àsùbáà. Egbòogi tí ará Íjíbítì kan pò fún un mu, tó mú un bì, ni Ọlọ́hun fi yọ ọ́. Síbẹ̀, oṣù méjì gbáko ni àìsàn náà fi bá a jà.

Bí a bá ka ibẹ̀ fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa, wọn a ní ó dájú pé ẹnìkan ló fún àwọn àlejò náà ní májèlé jẹ. Àwa kò rò bẹ́ẹ̀. Oúnjẹ tí àwọn onílé fẹ́ràn jù, tí wọ́n ń jẹ láìkú, kì í ṣe ohun tí a fi ń pa àlejò. Ní èrò tiwa, ohun tó wà níbẹ̀ ni pé irú kókò àti iṣu bẹ́ẹ̀ ní ìlànà tirẹ̀, bí ẹni tó sè é lọ́jọ́ náà bá sì fo ìlànà yẹn, ẹni tó jẹ ẹ́ ni yóò jìyà rẹ̀. Àwọn àgbà wa tó mọ èsúrú inú igbó kò nílò kí a ṣàlàyé èyí fún wọn. Wọ́n mọ̀ pé a kì í wú u lónìí kí a jẹ ẹ́ lónìí. Omi ni wọ́n ń rẹ ẹ́ sí, tí wọn a sì máa pààrọ̀ omi náà, kí ó tó ṣe é fẹnu kàn.

Ẹ̀gẹ́ ni olórí irú oúnjẹ bẹ́ẹ̀. Ohun kan wà nínú rẹ̀ tí àwọn onímọ̀ ń pè ní linamarin. Bí a bá ti gé ẹ̀gẹ́ tàbí tí a rin ín, ohun náà yóò bẹ̀rẹ̀ sí tú cyanide jáde, májèlé tó lágbára ni, ẹ̀gẹ́ kíkorò ló sì ní i jù. Àwọn ọmọ onílẹ̀ ní Brazil ti mọ̀ bẹ́ẹ̀ kí òyìnbó tó bá wọn. Wọ́n ń rin ín, wọ́n sì ń fún omi rẹ̀ dànù nínú apẹ̀rẹ̀ gígùn kan tí wọ́n fi ọwọ́ hun. Láàrin ọdún 1500 sí 1600 ni ẹ̀gẹ́ dé ilẹ̀ Áfíríkà, ṣùgbọ́n ó pẹ́ gan-an kí ó tó di oúnjẹ gidi nílẹ̀ Yorùbá. Ìgbà tí àwọn Àgùdà, ìyẹn àwọn ènìyàn wa tí wọ́n kó lẹ́rú lọ sí Brazil àti àwọn ọmọ wọn, bẹ̀rẹ̀ sí padà wálé láàrin ọdún 1800 sí 1900, ni gàrí ṣíṣe gbilẹ̀ láti etí òkun wọ inú ilẹ̀. Ẹ ò rí nǹkan! Àwọn tí a tà lẹ́rú ló gbé oúnjẹ tí gbogbo wa ń jẹ lónìí wálé.

Ẹ jẹ́ kí a wo gàrí yẹn dáadáa. A ó bẹ ẹ̀gẹ́, a ó fọ̀ ọ́, a ó rin ín, a ó rọ ọ́ sínú àpò, a ó gbé òkúta lé e, a ó fi sílẹ̀ fún ọjọ́ mẹ́ta tàbí mẹ́rin kí ó kan, lẹ́yìn náà a ó jọ̀ ọ́, kí a tó yan án nínú agbada. Ọmọdé tí ebi ń pa yóò rí ọjọ́ mẹ́ta inú àpò yẹn bí ìfàkókò-ṣòfò. Ṣùgbọ́n inú ọjọ́ mẹ́ta náà ni ìmọ̀ wà. Rírin tí a rin ín ló jẹ́ kí májèlé náà tú sílẹ̀, òkúta ló ń ti omi rẹ̀ jáde, kíkan ló ń bá a lọ lábẹ́ òkúta, iná agbada ló sì ń lé ìyókù lọ sínú afẹ́fẹ́. Bákan náà ni láfún tí à ń rẹ sínú omi fún ọjọ́ mẹ́ta sí márùn-ún kí a tó sá a. Kò sí ọ̀kan nínú àwọn ìyá wa àtijọ́ tó gbọ́ orúkọ cyanide rí. Ohun tí wọ́n mọ̀ ni pé ẹni tó bá kánjú jẹ ẹ́, òòyì àti èébì ni yóò bá a.

Ohun tí ìkánjú lè ṣe ju òòyì lọ. Ọ̀jọ̀gbọ́n Benjamin Oluwakayode Osuntokun ti Yunifásítì Ìbàdàn, ọmọ Òkèmẹ̀sí ní Èkìtì, lọ ṣe ìwádìí ní agbègbè Ẹ̀pẹ́ láàrin ọdún 1960 sí 1970 lórí àwọn àgbàlagbà tí ẹsẹ̀ wọn kú tìpìrì, tí wọn kò lè rìn gúnlẹ̀, tí ojú àti etí wọn sì ń kú lọ. Ó so àìsàn náà mọ́ cyanide inú ẹ̀gẹ́ tí wọ́n ń jẹ lójoojúmọ́ láìsí ẹran àti ẹja tó pọ̀ tó. Àwọn oníṣègùn tó tẹ̀lé e ti jiyàn lórí ọ̀rọ̀ yìí, àríyànjiyàn náà kò sì tíì tán. Èyí tó ṣẹlẹ̀ ní Mozambique ló hàn sí gbogbo ayé. Ní ọdún 1981, ọ̀dá dá ní ìpínlẹ̀ Nampula, gbogbo irúgbìn kú, àfi ẹ̀gẹ́ kíkorò. Ebi kò jẹ́ kí àwọn obìnrin lè dúró de ọjọ́ tí wọ́n fi ń sá a sóòrùn tẹ́lẹ̀. Wọ́n gé ìlànà náà kúrú. Ó lé ní ẹgbẹ̀rún ènìyàn, tí èyí tó pọ̀ jù nínú wọn jẹ́ obìnrin àti ọmọdé, tí ẹsẹ̀ wọn le gbagidi láàrin oṣù díẹ̀, tí kò sì padà sípò mọ́. Àwọn Yaka ní ilẹ̀ Kóńgò ti mọ irú àìsàn bẹ́ẹ̀ tẹ́lẹ̀. Konzo ni wọ́n ń pè é, ìyẹn ẹsẹ̀ tí a dè.

Ẹ jẹ́ kí a padà sílé. Àwa tí a wà ní ilé ẹ̀kọ́ láàrin ọdún 1980 sí 1990 kò lè gbàgbé ìgbà Sáàpù. Ní ọdún 1985 ìjọba fi òfin de ìrẹsì òkèèrè, ní 1986 Sáàpù bẹ̀rẹ̀, náírà sì já wálẹ̀, ní 1987 wọ́n fi òfin de àlìkámà. Búrẹ́dì di oúnjẹ aláìsàn àti ti àlejò. Ìgbà náà ni a rí ọgbọ́n inú àwọn ìyá wa. Ní Òró-Àgọ́, a jẹ iyán tí wọ́n gún ẹ̀gẹ́ tí kò korò mọ́ iṣu nínú rẹ̀, a jẹ ọbẹ̀ ẹ̀gúsí tí ìbẹ́pẹ tí kò tíì pọ́n pọ̀ ju ẹ̀gúsí lọ, a jẹ àbàrí nígbà tí ẹ̀wà fún mọ́ínmọ́ín ti wọ́n. Ní ilé-kéwú tí a wà, bí ilé bá ti fi èlùbọ́ ránṣẹ́, tí a sì rò ó tán, ojú ni a fi ń mọ̀ bí nǹkan ti rí nílé. Bí ọkà náà bá dúdú, iṣu ni. Bí ó bá ti ń funfun díẹ̀díẹ̀, wọ́n ti ń po láfún mọ́ ọn. Bàbá kan kò ní láti kọ lẹ́tà pé owó kò sí.

Kì í ṣe gbogbo rẹ̀ ló dára o. Ẹnìkan ládùúgbò wa fi ìyẹ̀fun àgbàdo nìkan ṣe búrẹ́dì. Kò wú, ó le bí òkúta ọlọ, inú kókó gbígbóná ni a rẹ ẹ́ sí kí eyín lè gbà á. Ó pẹ́ kí a tó mọ ìdí rẹ̀: àlìkámà ní ohun kan nínú tó ń fà bí rọ́bà, tí afẹ́fẹ́ fi ń dúró nínú ìyẹ̀fun pípò, àgbàdo kò ní i. Ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí búrẹ́dì náà pa. Èyí ni kí ẹ kíyè sí. Àwọn ìyá wa pààrọ̀ ohun tó wọ inú ìkòkò, wọn kò pààrọ̀ iye ọjọ́ tí ẹ̀gẹ́ fi ń wà nínú àpò àti nínú omi.

Inú ìgbà ìnira yẹn náà ni àlejò tuntun mìíràn wọlé, ìyẹn ẹ̀wà sóyà. Ìtàn rẹ̀ nílẹ̀ wa ya ni lẹ́nu. Ilẹ̀ Ṣáínà ni a bí i sí. Àwọn òyìnbó gbìn ín wò ní Moor Plantation ní Ìbàdàn ní ọdún 1908, kò ṣe dáadáa. Wọ́n tún dán an wò ní Samaru lẹ́bàá Zaria ní 1928, àti ní ọdún 1937 irú kan láti Malaya bọ́ sí i fún àwọn Tiv ní Benue. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, wọ́n ń gbìn ín tà sí òkèèrè ni, díẹ̀ ni ó ń dé inú ìkòkò. Ilé iṣẹ́ ìwádìí ìjọba tó wà ní Òṣòdì ti fi ṣe sóyà-ògì ní nǹkan bí ọdún 1970 fún àwọn ọmọ tí à ń já lẹ́nu ọmú, nítorí ògì nìkan kò lè gbé ọmọ ró. Ní IITA ní Ìbàdàn, ilé ìwádìí iṣẹ́ àgbẹ̀ tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1967, wọ́n mú irú kan jáde tí wọ́n ń pè ní TGX, tó lè hù dáadáa nínú ilẹ̀ wa, tí irúgbìn rẹ̀ kì í sì í tètè bàjẹ́. Ní ọdún 1987 wọ́n bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ kan pẹ̀lú owó ìrànlọ́wọ́ láti ilẹ̀ Kánádà, láti kọ́ àwọn obìnrin ní bí a ti ń se é.

Ìmọ̀ràn tí àwọn onímọ̀ gbà dára: kí wọ́n má ṣe gbé oúnjẹ àjèjì kalẹ̀, kí wọ́n fi sóyà sínú oúnjẹ tí àwọn ènìyàn ti mọ̀. Ṣùgbọ́n láti ibẹ̀ lọ, ọwọ́ àwọn obìnrin ni iṣẹ́ náà bọ́ sí. Àwọn ìyá Fúlàní ti ń fi ewé bómúbómú mú wàrà màlúù dì láti ayébáyé, gbogbo ìlú ní Kwara sì mọ wàrà. Bí a bá rẹ ẹ̀wà sóyà mọ́jú, tí a lọ̀ ọ́, tí a sẹ́ ẹ, omi funfun tó jáde jọ wàrà tútù. Báwo ni yóò ṣe dì? Ẹnìkan lo omi ọsàn wẹ́wẹ́, ẹnìkan lo álọ́ọ̀mù, ẹlòmíràn sì wo ẹ̀yìn ilé ìdáná rẹ̀, ó rí omidùn, omi ògì kíkan tí gbogbo ilé ní, ó dà á sí i bó ti ń hó, ó sì dì. Ní Ṣáínà, òkúta lílọ̀ kan ni wọ́n fi ń ṣe irú iṣẹ́ yìí láti ìgbà pípẹ́. Ti wa kò ná ẹnikẹ́ni ní kọ́bọ̀. Ohun tó dì yìí ni a ń gé, tí a ń din, tí a ń tà lójú títì ní Ìlọrin àti Òmù-Àrán lónìí ní wàrà sóyà. Àwọn kan ń pè é ní bẹ́sìkẹ̀, àwọn Haúsá ní áwárá. Nínú ọgọ́rùn-ún gíráàmù ẹ̀wà sóyà, ó tó bíi 36 tó jẹ́ purotéènì. Ti ẹ̀wà tí a mọ̀ kò ju bíi 24 lọ. Ilé tí kò lè ra ẹran rí ohun fi sẹ́nu ọmọ.

Ìrú náà ń kọ́? Igi igbá kì í tètè so, ọ̀pọ̀ ọdún ni a fi ń dúró dè é, àwọn ènìyàn sì ti gé e ṣe igi ìdáná àti èédú. Èso rẹ̀ le. Ó lè hó lórí iná láti òwúrọ̀ di alẹ́ kí ó tó rọ̀. Sóyà kò ju oṣù mẹ́rin lọ lóko, kì í sì í jẹ igi tó bẹ́ẹ̀. Bí a bá bó o, tí a sè é, tí a wé e móoru sínú igbá pẹ̀lú ewé fún ọjọ́ méjì sí mẹ́ta, ó ń di ìrú. Àwọn àgbà kan kọ̀ ọ́, wọ́n ní òórùn rẹ̀ kò tó ti tẹ́lẹ̀. Kò burú. Nínú hadíìsì, wọ́n gbé ẹran aláǹgbá aṣálẹ̀ síwájú Òjíṣẹ́ Ọlọ́hun (kí ikẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a), kò jẹ ẹ́, nítorí kò sí i nílẹ̀ àwọn ènìyàn rẹ̀. Ṣùgbọ́n kò ṣe é ní èèwọ̀, Khalid ibn al-Walid sì jẹ ẹ́ níwájú rẹ̀. Ẹni tí kò bá fẹ́ ìrú sóyà, kí ó fi sílẹ̀ fún ẹni tó fẹ́ ẹ.

Sóyà náà ní ìlànà tirẹ̀. Bí kò bá jinná dáadáa, ohun kan wà nínú rẹ̀ tí kì í jẹ́ kí oúnjẹ dà nínú ikùn, inú ọmọ á sì máa run ún. Ìdí nìyí tí àwọn obìnrin tó mọṣẹ́ fi ń jẹ́ kí omi funfun yẹn hó títí kí wọ́n tó da omidùn sí i.

Kí ló dé tí a fi ń sọ gbogbo èyí? Láti ìgbà tí ìjọba ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo bẹntiróò ní oṣù karùn-ún ọdún 2023, ìnira ìgbà Sáàpù tún padà dé. Ní oṣù kẹfà ọdún 2024, iye tí ìjọba fúnra rẹ̀ gbé jáde ni pé owó oúnjẹ fi 40.87 nínú ọgọ́rùn-ún ga ju ti ọdún tó ṣáájú lọ. Ohun tí a ń rà ní ọgọ́rùn-ún náírà ti di nǹkan bíi mọ́kànlélógóje. Ní ọdún 2024 náà, ní òkè Ọya, àwọn ènìyàn ra àfàfàtà, èérún ìrẹsì tí wọ́n ń ta fún ẹja tẹ́lẹ̀, láti fi sè fún àwọn ọmọ wọn. Ìyẹn kò ní májèlé nínú, ìtìjú ló wà níbẹ̀. Ohun tó ń bà wá lẹ́rù ju àfàfàtà lọ ni gàrí tí wọ́n rin láàárọ̀, tí wọ́n fi jáàkì fún, tí wọ́n sì yan lálẹ́ ọjọ́ kan náà nítorí owó. A ti jẹ ẹ́, a sì mọ̀ ọ́n lẹ́nu: kò kan rárá. Bí ẹ̀gẹ́ tí wọ́n lò bá jẹ́ èyí tí kò korò, ó lè má ṣe ẹnikẹ́ni. Bí ó bá jẹ́ kíkorò, tí ilé náà kò sì ní ẹja, kò ní ẹ̀wà, tí ó jẹ́ pé òun nìkan ni wọ́n ń jẹ láàárọ̀ àti lálẹ́, a ti sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Nampula.

Nítorí ọ̀rọ̀ yìí ni a ṣe ní kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa mú ìwé lọ bá àwọn ìyá àgbà wọn, kí wọ́n kọ bí wọ́n ti ń ṣe gàrí, láfún, ìrú àti wàrà sóyà. Ìwé àkọ́kọ́ tí wọ́n mú wá kún fún ohun èlò, kò sí ọjọ́ kankan níbẹ̀. A dá wọn padà. Nígbà tí wọ́n tún dé, ọ̀pọ̀ nǹkan tí àwa pàápàá kò mọ̀ ti wà nínú rẹ̀: pé nígbà ọyẹ́ ìrú ń fẹ́ ọjọ́ kan sí i nítorí òtútù, pé àpò gàrí tí òjò ń pa kò rí bí èyí tó wà lóòrùn, pé omidùn ọjọ́ kan kò lè mú sóyà dì dáadáa. Ọmọbìnrin kan kọ ọ́ pé ìyá àgbà òun kò dáhùn ìbéèrè iye ọjọ́ rárá. Ó ní kí òun wá máa fi imú òun gbọ́ òórùn rẹ̀ fúnra òun, pé òun yóò mọ̀. Gbogbo ọjọ́ Àlàmísì lẹ́yìn kéwú ni ọmọ náà ń lọ síbẹ̀ báyìí.